Ilẹ̀ Yàrá Aró

Onígbòǹgbò, Ìkẹjà.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹwàá, 1999.

Olúfọlákẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le, ara Oyinadé náà le. Oṣù Kẹta ni mo gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn nínú ìwé. N kò béèrè ìdí rẹ̀. Ìjọba alágbádá ti ń lọ sí oṣù márùn-ún lórí àga. Iná mànàmáná kò tíì gbọ́ pé wọ́n dé.

Ìdíje sáyẹ́ǹsì kan wà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó yìí. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ kékeré kan, tí kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Ọkọ̀ náà yóò dá rin mítà mẹ́wàá, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, yóò sì dúró lórí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà sílẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá súnmọ́ ìlà jù lọ ni ó borí. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ni. Ẹni kan ṣoṣo tí ó bá gba ipò kìn-ín-ní, wọn yóò fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Manchester ní oṣù Keje, kí ó lọ bá àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn figagbága.

Oyinadé gba ìwé ìkéde náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà. Ó mú àwòrán ilẹ̀ mi láti inú àpótí, ó fi rúlà wọn Manchester sí Leeds. Ó ní, “Màmá Àgbà, kò tó ìka kan.” Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí o lọ. Ó ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó ti tú mọ́tò inú rẹ́díò onítéèpù mi fún iṣẹ́ náà. Mo gbà á láyè. Ìdérí agolo mílíìkì mẹ́rin ni táyà rẹ̀. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ó fi so wọ́n pọ̀. Dàwódù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó háyà yàrá ẹ̀yìn ilé wa, ń ràn án lọ́wọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó fi ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìlúpéjú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n fi í ṣọ́ géètì rẹ̀. “Ẹnjiníà” ni ó ń pe ọmọ rẹ. Èmi ni ó ń pè ní Tíṣà.

O ti sọ fún mi pé ìwé ìgbélùú rẹ kò tíì jáde, pé bí o bá jáde nílùú náà wọn kò ní jẹ́ kí o padà wọlé, àti pé o kò lè pè é wá. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, òun lè wá bá ọ. N kò rí ọ̀nà mìíràn.

Kọ lẹ́tà sí i. Kí ó gùn ju ojú ewé kan lọ.

Ìyá rẹ,
Jọkẹ́ Fásorò.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 1999.

Ẹ̀yin ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo wà ò fún èèyàn láàyè kó mí. “Flo” ni àwọn ìyá ibẹ̀ ń pè mí. Fọlákẹ́ ò yí lẹ́nu wọn.

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ Oyin. Orí bàbá rẹ̀ ló gbé wá, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Reuben. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rọra, mà. Gbogbo Èkó ló máa du ipò kan ṣoṣo yẹn. Àwọn ọmọ olówó á ti gba ẹni tó máa bá wọn ṣe tiwọn. N ò fẹ́ kó fi gbogbo ọkàn lé e, kó má lọ dùn ún jù. Ẹ ní kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀.

Ohun kan kù. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ mọ̀lẹ́bí tó wà lọ́hùn-ún níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ tèmi. Ọ̀rọ̀ ìwé mi yẹn náà ni.

Mo fi súwẹ́tà kan ránṣẹ́ sí i. Pupa ni. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn pupa.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́.


Onígbòǹgbò, Ìkẹjà.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá, 1999.

Olúfọlákẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù. Súwẹ́tà náà dé. Kò gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ní kò burú, ó fi wé ọkọ̀ rẹ̀ nínú páálí. Kò sí lẹ́tà fún un nínú ẹrù náà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ mọ̀lẹ́bí àti àdírẹ́sì rẹ̀. Mo ti kọ tìrẹ kí lẹ́tà rẹ tó dé. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni mo kọ. N kò mọ òmíràn.

Ọkọ̀ náà kò fẹ́ rìn gbọọrọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò ju mítà mẹ́rin lọ, nítorí náà Dàwódù mú wa lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣọ́. Gbọ̀ngàn ìhunṣọ tí òun mọ̀ dáadáa kò ṣeé lò: wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ lọ tà, bóòtù wọn ṣì yọrí nílẹ̀ káàkiri. Yàrá aró ni a ń lò, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ tí wọ́n sì ń ṣàn án nígbà ayé rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ gùn, ó dán, aró ti mu sìmẹ́ńtì rẹ̀ di búlúù. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni a ń lọ. Wọ́n gbé àga kan fún mi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Síkúrù kékeré kan wà níwájú ọkọ̀, tí ó ń darí ojú táyà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Oyinadé a yí i díẹ̀, a kọ ọ́ sínú ìwé, a tún rán ọkọ̀ náà lọ. Òsì ni ó ń yà sí nígbà gbogbo, sí gọ́tà tí ó wà lẹ́bàá ògiri. Dàwódù ní, “Ẹnjiníà, ọ̀mùtí ni ọkọ̀ rẹ yìí. Kò mọ ilé ẹlòmíràn ju gọ́tà lọ.” Oyinadé ní, “Ẹ jẹ́ kó mu ún tán, Bàbá, á padà sílé.” Dàwódù ní aláínmẹ́ǹtì ni ó ń dà á láàmú, kí a gbé e lọ sí Dopemu kí àwọn mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e sókè. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ̀ pé a ń rẹ́rìn-ín.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá o ga jù mí lọ. N kò rántí mọ́.

Ìyá rẹ,
Jọkẹ́ Fásorò.


Leeds.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kejìlá, 1999.

Màmá mi,

Ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ ka èyí. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ sun ún.

Mo ti lọ́kọ. Ó ti pé ọdún márùn-ún. Olúgbénró lorúkọ rẹ̀, ará Ọ̀wọ̀ ni. A ti bí ọmọ méjì, Ayọ̀tọ́lá àti Tẹjú. N ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún yín. Ọdún kìn-ín-ní kọjá, ìkejì kọjá, ọ̀rọ̀ náà wá wúwo ju ẹnu mi lọ.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, ó rí fọ́tò Oyin nínú àpò mi. Ó ní ta nìyí. Mo ní àbúrò mi ni. Ọ̀rọ̀ kan péré, mà. Mo rò pé mo máa tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, orúkọ Olúgbénró la fi tọrọ ìwé ìgbélùú mi, mo sì fọwọ́ sí i níwájú ìjọba pé n ò bímọ rí. Ìwé ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà ti kọ̀wé wá síbí pé mọ̀lẹ́bí mi ti wọ ìdíje. Olúgbénró ló gbà á. Ó ní, “Àbúrò rẹ mà lọ́pọlọ o! Tó bá borí, ilé wa ni yóò dé sí.” Ó ń yọ̀. Tí Oyin bá wọ ilé yìí, tó pè mí ní Mọ́mì, n ò lọ́kọ mọ́, n ò sì níwèé mọ́.

Ẹ bá mi dá a dúró. Tiyín ló ń gbọ́. Ẹ ní ara yín ò yá, ẹ ní ìdánwò ti dé, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́. Mo bẹ̀ yín lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́ ẹ fi bí mi.

Fọlákẹ́.


Onígbòǹgbò.
15 January, 2000.

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúrọ̀lẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa bá yín. Ẹ kú ọdún tuntun!

Mọ́mì, ó ti ń lọ gbọọrọ! Ìgbà mọ́kànlá ni mo yí síkúrù yẹn sọ́tùn-ún, mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Lónìí ó rin mítà mẹ́wàá, ó dúró, ó ku ìbú ìka kan péré kó kan ìlà! Bàbá Dàwódù fò sókè, fìlà wọn bọ́ sínú gọ́tà. Wọ́n ní, “Ẹnjiníà, tó o bá délùú òyìnbó, sọ fún wọn pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ ẹ o!” Mo ní, “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e lọ sí Dopemu?” Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Màmá Àgbà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti dákẹ́. Nígbà tí mo wà níbi ìlà, ìgò omi mi dà nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Mo fẹ́ sáré wá nù ún, wọ́n ní kí n dúró síbi tí mo wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìborùn funfun wọn nù ún fúnra wọn. Ìborùn yẹn, Mọ́mì, tí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn rí! Wọ́n ní ó tó, ká máa lọ sílé.

Ṣé ẹ máa wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú? Ẹ wọ nǹkan pupa, torí fọ́tò yín tó wà níbí ti ń ṣí, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ kúnlẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mi ò ní sunkún. Mo ti ń dánra wò níwájú dígí. Mo kàn máa ní, “Ẹ kúulé o, Mọ́mì,” bí ẹni tó lọ ra búrẹ́dì tó sì padà dé.

Ọmọ yín,
Oyinadé.


Onígbòǹgbò, Ìkẹjà.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìn-ín-ní, 2000.

Olúfọlákẹ́,

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kejìlá oṣù yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo fi iná sítóòfù sun ún gẹ́gẹ́ bí o ti wí.

Mo ní ọmọ-ọmọ méjì tí n kò mọ̀. Bá mi kí wọn, bí wọ́n bá mọ̀ pé mo wà.

Láti ọjọ́ tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. N kò sọ fún ọ̀kankan nínú wọn rí pé kí ó fi ohun tí ó lè ṣe sílẹ̀. N kò ní sọ ọ́ fún èyí. Bí kò bá wá sí ọ̀dọ̀ rẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni yóò dá a dúró.

Ọkọ̀ náà ti ń rìn gbọọrọ ní yàrá aró. Wọn kò tún fọwọ́ kan síkúrù náà mọ́. O lè fọkàn balẹ̀.

Jọkẹ́ Fásorò.


Leeds.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, 2000.

Màmá mi,

Lẹ́tà Oyin bá mi níbi iṣẹ́. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti kà á, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ibi tó ti ní òun ò ní sunkún, òun ti ń dánra wò níwájú dígí. Mà, n ò lè parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo ti sọ fún Olúgbénró. Gbogbo ẹ̀. Pé ọmọ mi ni, kì í ṣe àbúrò mi. Ó ti abọ́ oúnjẹ kúrò níwájú. Odidi ọjọ́ méjì, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń wọ bàtà, ó ní, “Yàrá wo ló máa sùn?” Ohun tó sọ nìyẹn.

Nítorí náà, mà, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí yín ní ìparí ọdún pé kẹ́ ẹ bá mi dá Oyin dúró, mo kó o jẹ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ohunkóhun láti dá a dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kó tó di ọjọ́ ìdíje. Mo pe tẹlifóònù ilé Pásítọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò wọlé. Èmi ò lè wá, mi ò sì lè pè é. Ọkọ̀ kékeré yẹn nìkan ni ọ̀nà tá a ní. Ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ sáyẹ́ǹsì.

Mo ti ra kóòtù pupa.

Fọlákẹ́ yín.


Onígbòǹgbò, Ìkẹjà.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, 2000.

Olúfọlákẹ́,

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Ìdíje ti kọjá ní ọjọ́ méjìlá ṣáájú rẹ̀. Oyinadé kò borí. Nínú ọmọ mọ́kànlélógún, ipò ogún ni ó wà. Jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. N kò ní tún un sọ.

Ilẹ̀ yàrá aró kò tẹ́jú. Ó da sí apá òsì, kí omi ìṣanṣọ lè máa ṣàn wọ gọ́tà. Báyìí ni àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe ilẹ̀ ibi tí omi ń dà sí, àní nínú balùwẹ̀ wa. Ó yẹ kí n ti rò ó ní ọjọ́ kìn-ín-ní. N kò rò ó, àfi ọjọ́ tí ìgò omi ọmọ náà dà nù. Mo rí i tí omi náà kó ara rẹ̀ jọ, tí ó sì gba apá òsì lọ tààrà. Mo wá mọ̀ pé ọ̀tún ni táyà ọkọ̀ náà kọjú sí, pé ilẹ̀ nìkan ni ó ń fà á padà sí àárín. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kò lè dé ìlà. Lẹ́tà rẹ ti pé ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé. Mo fi ìborùn mi nu omi náà kí ó tó rí i. Aró ilẹ̀ yẹn kò kúrò lára ìborùn náà títí di òní.

Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìdíje tẹ́jú bí àwo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láyè. Ní ẹ̀ẹ̀kìn-ín-ní, ọkọ̀ rẹ̀ yà sí ọ̀tún, ó lọ kọlu ẹsẹ̀ àga àwọn adájọ́. Ó gbé e. Ó wo táyà rẹ̀, ó wo mọ́tò rẹ̀, ó sì yíjú wò mí. Bí ó bá yí síkúrù náà padà sí òsì ní ìgbà mọ́kànlá, kò sí ọmọ tí ìbá lé e bá. Iye náà wà nínú ìwé rẹ̀. Èmi ni mo mú ìwé náà lọ́wọ́. Ẹnu mi wà ní pípadé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀tún náà ni ó tún yà sí.

Ní ọjọ́ Ajé, ó padà sí Ìlúpéjú. Dàwódù da korobá omi kan sí ilẹ̀ yàrá aró láti wò ó bóyá ó tẹ́jú, omi náà sì gba apá òsì lọ. Dàwódù jókòó sílẹ̀ nínú omi náà, ó ń sọ pé, “Ọdún mọ́kàndínlógún! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yìí!” Oyinadé wá sílé, ó dúró níwájú mi. Ó ní, “Màmá Àgbà, ọjọ́ tí ìgò mi dà nù, ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ ò rí i?”

Mo ní ojú mi kò ríran dáadáa mọ́.

Kò sunkún ní ọjọ́ ìdíje. Ọjọ́ Ajé yẹn ni ó sunkún, nítorí ojú mi. Ó ní kí n má bínú pé òun kò tètè mọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi okùn sí abẹ́rẹ́ fún mi, tí ó ń ka ìwé ìròyìn fún mi, tí ó sì ń di ọwọ́ mi mú bí a bá fẹ́ sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbà á láyè.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, òun ni ó já a, òun ni ó kà á fún mi.

N kò rí ọ̀nà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́wọ́ pé mo ríran. Ó ka ibi tí o ti sọ fún ọkọ rẹ pé ọmọ rẹ ni, kì í ṣe àbúrò rẹ. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ka ibi tí o ti ní kí n dá a dúró. Ó lọ mú ìborùn náà lórí ìṣó, ó wo aró ara rẹ̀. Ó tẹ́ lẹ́tà náà sí iwájú mi lórí tábìlì. Ó ní, “Ẹ ka ìyókù fúnra yín, mà.”

Ó ti tú ọkọ̀ náà. Ó ti dá mọ́tò rẹ̀ padà sínú rẹ́díò mi, rẹ́díò náà sì ń sọ̀rọ̀. Ó ń kí mi ní àárọ̀, ó ń kí mi ní alẹ́. Kò béèrè nípa rẹ. Bí o bá fẹ́ kọ̀wé, òun ni kí o kọ ọ́ sí, kì í ṣe èmi. N kò lè ṣèlérí pé yóò já a.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, a dé etí títì. Mo na ọwọ́. Ó ti sọdá. Ó dúró ní òdì kejì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń dúró dè mí kí n wo ọ̀tún, kí n wo òsì, kí n sì sọdá fúnra mi.

Jọkẹ́ Fásorò.